Ojú Ọmọ Onílé ni Kí Ẹ Fi Wo Ìbàdàn

Àwọn ènìyàn a máa ná owó púpọ̀ láti lọ wo ìlú Antigua ní ilẹ̀ Guatemala, nítorí àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn ará Sípéènì kọ́ síbẹ̀, iṣẹ́ ọnà ibẹ̀, àti àwọn òkè ayọnáyèéfín tí ó yí i ká. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Arà, mélòó nínú yín ni ó ti gun òkè Màpó rí, tí kì í ṣe ọjà ni ó gbé e lọ?

Lóòótọ́, òkè Ìbàdàn kì í yọ iná. Síbẹ̀, orí òkè Màpó ni gbọ̀ngàn olópòó ńláńlá wà, èyí tí a ṣí ní 1929. Ní Òkè Ààrẹ ni ilé ìṣọ́ wà tí a kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dé òkè yóò rí òrùlé ìlú náà lọ rẹrẹẹrẹ.

Ayé ìjọba àjèjì ni a kọ́ Màpó, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa sọ ọ́ di tiwọn. Wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya àwọn òpó rẹ̀ sára aṣọ, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, ó sì di àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn.

Ẹ dé Dùgbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé Kòkó tí a parí ní 1965 ní àjà 26. Owó kòkó ni a fi kọ́ ọ: kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn já, tí wọ́n pa, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì rù lọ sí orí ìwọ̀n. Àwọn ará oko bí tiyín ni wọ́n.

Àwọn kan lè wí pé irú ìrìn-àjò yìí ń fi owó àti àkókò ṣòfò. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ti tó fún un. Ẹni tí kò mọ̀ pé òógùn àwọn baba òun ni ó gbé ilé kan ró, kò ní bìkítà nígbà tí ilé náà bá ń wó lọ. Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún un. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.