ÌLERA ÌDÍLÉ: Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Tuntun Bá Ń Bá Ẹnu Jà

Láti ìgbà tí Sickle Cell Foundation Nigeria àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ti kéde ní ọdún 2025 pé àwọn ti pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún àgbàlagbà méjì tí wọ́n ní sickle cell, ni àwọn òbí ní Ìṣẹ̀rí-Olófin níhìn-ín ti ń bi wá ní ìbéèrè. (Fọ̀níkú-fọ̀ladìde tí àwọn baba wa ń pe àìsàn yìí kò dùn mọ́ wa nínú, a kò ní lò ó mọ́.) Ṣáájú èyí, ní 2011, Dókítà Bazuaye àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é ní UBTH, Ìlú Benin, fún ọmọ kékeré kan.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí a kì í sábà gbọ́ níbi ìdúpẹ́. Ẹnu ni.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà yóò fi oògùn líle pa ti àtijọ́ rẹ́, wọn yóò sì fa ti ẹlòmíràn sí aláìsàn lára, bí ìgbà tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Ẹ̀jẹ̀ tuntun náà kì í dá wá; ó ń kó àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ dání. Nígbà míràn, àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí a wo ara tí wọ́n dé, wọn a ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ọdẹ tuntun tí ẹgbẹ́ onílé gbà sí àdúgbò, tí ó gbá onílé mú ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ pé olè ni. GVHD ni àwọn dókítà ń pè é. Ó lè yọjú láàárín 100 ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Nínú ẹnu, ìlà funfun wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn a máa hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ahọ́n. Ibẹ̀ a pọ́n, a sì di egbò. Ata tí ènìyàn ti ń jẹ láti kékeré a di iná. Ìléròrò kéékèèké a máa yọ ní òkè ẹnu. Èyí tí ó tún nira ni pé itọ́ a gbẹ, nítorí àwọn ọmọ ogun náà ti kọlu ibi tí itọ́ ti ń sun. Ẹni tí kò ní itọ́ kò lè gbé búrẹ́dì mì láìsí omi, eyín rẹ̀ a sì tètè jẹrà. Lára àwọn míràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a le, tí ẹnu kò fi ní lè là dáadáa mọ́.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará ìjọ. Bí egbò bá yọ ní ẹnu ẹni tí ó ti jẹ́rìí ìwòsàn, àwọn kan yóò ní wọ́n ti fún un ní oúnjẹ jẹ lójú àlá. Wọn yóò ní kí ó gba ààwẹ̀ gbígbẹ, kí ó sì kó oògùn tì. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn tí ń tu àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí lójú ni ó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ àti ìfun rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá dá a dúró lójijì, ọ̀rọ̀ lè kọjá ẹnu, ó sì lè la ikú lọ. Ẹ gbàdúrà fún un o, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dé.

Ìtọ́jú wà. Wọ́n lè fún un ní oògùn olómi bíi dexamethasone, tí a fi ń yọ ẹnu tí a sì ń tu dànù. (Irú oògùn yìí náà ni àwọn kan ń rà ní kẹ́míìsì láti fi sanra, a kò bá wọn lọ́wọ́ sí i.) Nílé, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ó lò, kì í ṣe pákò. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bu ti aláìsàn sọ́tọ̀ kí ẹ tó da ata sí ìkòkò. Ewédú, ilá, ẹ̀kọ àti ẹyin tí ó jinná a máa rọrùn; ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó a máa ta á. Kí omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, títí kan ìgbà ìwàásù. Nígbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹ fún un ní ife tirẹ̀, nítorí ara rẹ̀ kò tíì lágbára láti bá àrùn jà.

Jẹjẹrẹ ẹnu a máa mú irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ju ẹlòmíràn lọ, àní lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí dókítà eyín máa wo ẹnu wọn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí egbò kan bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìjinná, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí a dá. Ẹni tí ó ń múra àtiṣe é, kí ó ti tún eyín rẹ̀ ṣe ṣáájú, torí eyín jíjẹrà lè di ojú ọ̀nà fún àrùn. Ilé ìtọ́jú eyín wà nínú ọgbà LUTH kan náà. Láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, bí ẹ bá fẹ́ gba Ẹ̀gbẹ́dá dé Oṣòdì, ẹ tètè jáde nílé nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.