Ilé Là Á Wò Ká Tó Ra Ehoro

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé kò yàtọ̀ síra. Ọmọ á tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, á rí ehoro funfun méjì nínú apẹ̀rẹ̀, á lóṣòó tì wọ́n, kò sì ní fẹ́ dìde mọ́. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rà á. Èmi ni màá máa fún un lóúnjẹ." Ìyá á wo ojú ọmọ, á ná an, á sì rà á. Ìgbà tí wọ́n bá délé ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí ehoro máa sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, wọ́n á fi í sínú páálí. Lọ́jọ́ kejì, ó ti jẹ páálí náà lu. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá á kan pátákó mẹ́rin pọ̀, á ta nẹ́ẹ̀tì adìyẹ lé e, á fi páànù bò ó, á sì gbé e sẹ́yìn ilé. Kí oṣù yẹn tó parí, ọmọ á jí láàárọ̀, á bá àgò lófìfo, tàbí kó bá ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ilé á wá máa sọ pé ehoro ò ṣeé sìn, pé ẹ̀mí rẹ̀ ò le.

Ehoro kọ́ ló jẹ̀bi. Ehoro tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè lo ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ilé tí wọ́n sáré kàn fún un ni kì í jẹ́ kó pẹ́. Yorùbá ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ kí ìdílé wò kí wọ́n tó ra ehoro. Kíkàn rẹ̀ ò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ fún káfíńtà. Bàbá tó mọ òòlù àti ayùn lò náà lè kàn án láàárín Sátidé sí Sunday. Àmọ́ ẹni tó máa kàn án gbọ́dọ̀ mọ àwọn ọ̀tá tó ń dènà fún: ooru, ìjàlọ, àwọn ẹran tó ń pa ẹran, wáyà tí kò dáa, àti májèlé tó fara pa mọ́ sára igi.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Ó yẹ kí ehoro lè na gbogbo ara rẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀, kó lè fò síwá sẹ́yìn, kó sì lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró láìjẹ́ pé etí rẹ̀ ń ha òrùlé. Fún ehoro kan tó ti dàgbà, àgò tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ni kó kéré jù. Bó bá tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣì dáa kí ọmọ máa gbé e jáde lójoojúmọ́ kó sáré díẹ̀ lórí koríko, kí ẹnì kan sì jókòó tì í.

Ehoro méjì ńkọ́? Akọ méjì nínú àgò kan á máa jà, wọ́n sì lè ya ara wọn lára ya gidigidi. Akọ àti abo nínú àgò kan kì í pẹ́ di ogún, torí oyún ehoro ò ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ. Ìdílé tó fẹ́ sin méjì gbọ́dọ̀ kan yàrá méjì.

Igi àti wáyà

Igi oníìǹṣì méjì lọ́nà méjì, tí àwọn káfíńtà ń pè ní tùú-báì-tùú, ló dáa fún férémù. Márùn-ún tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ti tó. Wọ́n á gé méjì nínú wọn sí ẹsẹ̀ bàtà 5, 5 àti 2. Àwọn 5 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni ẹsẹ̀ àgò: ẹsẹ̀ bàtà 3 á wà lábẹ́, 2 tó kù á di gíga yàrá. Wọ́n á gé igi kẹta sí 4, 4 àti 4. Wọ́n á gé ìkẹrin sí 4, 2 àti 2, ẹsẹ̀ bàtà 4 á sì ṣẹ́ kù. Igi gígùn mẹ́rin àti igi ìbú mẹ́rin ti pé nìyẹn. Èyí tó ṣẹ́ kù àti igi karùn-ún ni wọ́n á fi ṣe férémù ilẹ̀kùn, igi tó máa gba abẹ́ ilẹ̀ àgò kọjá kó má bàa tẹ̀, àti èyí tó máa gbé iwájú òrùlé sókè kí omi òjò lè máa ṣàn sẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni wáyà. Nẹ́ẹ̀tì adìyẹ ò wọ́n, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n adìyẹ ni wọ́n ṣe é fún. Ajá á fi eyín fà á ya, ehoro fúnra rẹ̀ á gé e jẹ, bó bá sì wà nísàlẹ̀, á gé e lẹ́sẹ̀. Wáyà onígun mẹ́rin tí wọ́n ti fi iná jó pọ̀ ló yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin. Èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì lọ́nà íǹṣì kan ló bá ilẹ̀ àgò mu: ìgbẹ́ á lè já bọ́ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ò sì ní há síbẹ̀. Fún ẹ̀gbẹ́ àti iwájú, kí ojú wáyà má ṣe ju ìdajì íǹṣì lọ, pàápàá níbi tí eku àti ejò bá pọ̀ sí. Ejò tín-ínrín máa ń gba ojú wáyà tó fẹ̀ wọlé, á sì gbé ọmọ ehoro mì.

Inú férémù ni kí wọ́n ti kan wáyà náà, kì í ṣe ìta. Eyín ehoro kì í yéé dàgbà, torí náà kò sígbà tí kò ní máa wá ohun tó máa rẹ́ jẹ. Bí igi bá wà nínú, á fi jẹun títí àgò á fi já. Kí wọ́n máa ju igi tútù díẹ̀ sí i dípò ìyẹn.

Igi wo ló tiẹ̀ dáa kó kàn lẹ́nu? Káfíńtà tó fẹ́ ṣe oore lè sọ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá, mo ti kun oògùn ikán sí i, igi yìí ò ní jẹrà láé." Oògùn tó ń pa ikán lè pa ehoro tó bá ń há igi náà jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni pátákó ògbólógbòó tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà, torí òjé máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́ mìíràn. Kí màmá tètè sọ fún káfíńtà pé igi lásán lòun fẹ́. Tí wọ́n bá ń bẹ̀rù ikán, ẹsẹ̀ àgò nìkan ni kí wọ́n kùn, láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì, níbi tí ẹnu ehoro ò lè dé.

Ooru ló ń yára pa á jù

Ehoro kì í làágùn bí èèyàn. Etí rẹ̀ gígùn àti imú rẹ̀ ló fi ń mú ooru kúrò lára. Ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ bí ooru ò bá ju 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Tó bá ti kọjá 30, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín. Tó bá kọjá 35, ó lè kú kó tó dọ̀sán. Ní Maiduguri àti Sokoto, ooru máa ń kọjá 40 lóṣù March àti April. Abẹ́ páànù lásán ní Ìbàdàn tàbí Èkó náà sì lè gbóná ju bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe gbóná lọ.

Nítorí náà, páànù nìkan ò tó fún òrùlé. Kí wọ́n fi pátákó tẹ́ abẹ́ rẹ̀ bíi sílìnì, kí wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sáàárín méjèèjì, kí wọ́n sì to imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko gbígbẹ sórí páànù. Abẹ́ igi máńgòrò dáa ju ẹ̀bá ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń kọjú sí. Ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn àgò ni kí wọ́n fi pátákó bò lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn àti níwájú, kí wọ́n fi ihò tí ehoro lè gbà wọlé sílẹ̀. Ibẹ̀ ló máa sá sí nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, torí ìjayà nìkan lè pa ehoro láìjẹ́ pé eyín ajá kàn án. Wáyà ni kí ìyókù jẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Ní Port Harcourt àti Calabar, òjò ni wàhálà. Gbogbo ilé ló mọ fèrèsé tí òjò máa ń fẹ́ wọ̀ jù. Kí wọ́n kọ ẹ̀yìn àgò sápá ibẹ̀, kí òrùlé sì yọ síta ju ẹ̀gbẹ́ àgò lọ dáadáa. Ní Jos, níbi tí òtútù ọyẹ́ ti máa ń mú lóru, kí wọ́n da koríko gbígbẹ sínú yàrá tó bò, kí wọ́n sì fi àpò bo iwájú wáyà lálẹ́.

Bí wọ́n bá bá ehoro tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó lanu sílẹ̀, tó na ara gbalaja, ooru ti ń mú un nìyẹn. Kí wọ́n gbé e síbòji lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tó rin nu etí rẹ̀, kí wọ́n sì gbé omi mímu síwájú rẹ̀. Kí wọ́n má rì í bọ omi tútù, torí ìyẹn lè dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, ike omi dídì tí wọ́n fi aṣọ wé, tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, máa ń ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

Kí ìjàlọ má bàa gòkè

Ìjàlọ kì í kanlẹ̀kùn. Bí wọ́n bá dé lóru, wọ́n lè jẹ gbogbo ọmọ ehoro tó wà nínú àgò tán kílẹ̀ tó mọ́, ìyá wọn gan-an ò sì ní bọ́ láìfarapa. Ìdí nìyẹn tí àgò fi gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì òfìfo, kí wọ́n bu ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò sínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí òjò máa ń kún inú agolo tí ọ́ìlì á sì dà nù. Ẹ̀ka igi, okùn aṣọ tàbí koríko gíga kan ṣoṣo tó fara kan àgò ti di afárá fún wọn.

Ìga ẹsẹ̀ bàtà 3 yìí náà ni kì í jẹ́ kí ajá rí ibi gúnlẹ̀. Ti ológbò àti ọmọ èèyàn yàtọ̀: ìkọ́ lásán ò tó fún ilẹ̀kùn. Ọ̀pá ìdábùú àti àgádágodo kékeré ló máa jẹ́ kí wọ́n sùn fọkàn balẹ̀.

Ẹsẹ̀ ehoro ò ní àtẹ́lẹsẹ̀ bíi ti ajá

Irun ló bo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ehoro. Bó bá ń dúró lórí wáyà tọ̀sán tòru, irun náà á họ, ẹsẹ̀ á sì di egbò. Pátákó pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó kó dùbúlẹ̀ lé, tí wọ́n tẹ́ sórí wáyà, ló ń dènà rẹ̀. Kí wọ́n ní méjì: bí ọ̀kan ṣe wà nínú àgò, kí wọ́n ti fọ èkejì kí wọ́n sì sá a sóòrùn.

Ìtọ̀ ehoro máa ń ta sánsán, òórùn rẹ̀ sì ń ba èémí rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n máa gbá abẹ́ àgò lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ tí wọ́n bá kó ò gbọ́dọ̀ dànù, torí ó dáa fún ẹ̀fọ́ àti tòmátì tó wà lẹ́yìn ilé. Àwo amọ̀ tó wúwo ni kí wọ́n fi gbé omi fún un, kó má bàa dà á nù.

Kí ehoro tó wọlé

Bí àgò bá ti parí, kí wọ́n má tíì gbé ohunkóhun sínú rẹ̀. Kí bàbá mì í lọ mì í bọ̀. Kí wọ́n da garawa omi kan sórí òrùlé, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ tó ní ehoro mú òwú pupa kan, kó fi nu gbogbo inú àgò láti òkè délẹ̀, kó rọra ṣe é. Ibi tí òwú bá ti há, ìṣó tàbí ojú wáyà tó mú ń bẹ níbẹ̀. Kí wọ́n lù ú wọlé, tàbí kí wọ́n fi ayùn irin gé e. Ohun tó fa òwú ya á fa awọ ehoro ya.

Lálẹ́, kí wọ́n fi àgò náà sílẹ̀ lófìfo síbi tó máa wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọmọ jáde lọ wò ó. Ṣé ìjàlọ kankan wà lórí rẹ̀? Ṣé ìrì ti rin inú rẹ̀? Agogo mélòó ni oòrùn tó dé ibẹ̀, ìgbà wo ló sì kúrò? Kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ tó bá lè ṣe èyí fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ́ pé wọ́n ń rán an létí ti ṣe tán láti ní ehoro. Ìgbà yẹn ni kí ìyá wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n padà sọ́jà.