Akọ̀ròyìn Àdúgbò àti Ìbò Rẹ̀

Kò sí ẹni tí ń gbé ìlú, tí ojú rẹ̀ ń rí gọ́tà tí ó dí, tí etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ìlérí tí àwọn olóṣèlú ń ṣe lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ọkàn rẹ̀ kò ní fà sí ẹgbẹ́ kan ju òmíràn lọ. Nítorí náà, àwọn tí ń wí pé kí ọkàn akọ̀ròyìn Òkè-Odò ní Èkó má ṣe fà sí ẹgbẹ́ kankan, ohun tí kò sí lórí àtẹ ni wọ́n ń ná.

Àwọn baba wa nínú iṣẹ́ yìí kò fi ìṣèlú wọn pamọ́. Herbert Macaulay, Ejò Nígboro, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, tí ó sì wà lára àwọn tí ó ra Lagos Daily News ní 1927, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣiyèméjì nípa ẹni tí ìwé náà ń gbèjà, títí ìjọba amúnisìn fi tìtorí ohun tí ó tẹ̀ jáde sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1928. Bákan náà ni Awólọ́wọ̀ ṣe nígbà tí ó dá Tribune sílẹ̀ ní 1949. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá tẹ́ lọ́rùn a fi kọ́bọ̀ rẹ̀ ra Daily Times, tàbí Pilot ti Azikiwe, a sì gbọ́ tẹnu ẹnì kejì.

Òkè-Odò kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Láti 2003 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti pín Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà, tí Agbádò-Òkè-Odò ní kánsù tirẹ̀, tí Ìkọ̀tún òun Ìgandò ní tiwọn, ọ̀rọ̀ kánsù wọ̀nyí kì í dé etí ìwé ìròyìn ńlá àfi bí ẹ̀mí bá lọ sí i. Ìwé ìròyìn àdúgbò kékeré kan ṣoṣo ni ó kù tí yóò béèrè bí wọ́n ṣe ná owó ọ̀nà; bí òun náà bá gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ta ni yóò tún un sọ? Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni.

Kí akọ̀ròyìn dìbò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí ó sì sọ fún olóòtú rẹ̀ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, kí a lè rán ẹlòmíràn lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ náà. Káàdì ẹgbẹ́ ni kí ó dá padà.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìbò akọ̀ròyìn ni ewu tí ó tóbi jù. Bí ìbò kánsù bá ti parí, bí èyí tí a dì ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, 2025, ìpolówó ìkíni kú oríire fún alága tuntun ni ó ń gba ojú ìwé, lẹ́yìn náà ni ti ọjọ́ ìbí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ti ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lórí oyè. Ìlànà tí àwọn oníròyìn fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní 1998 ka àbẹ̀tẹ́lẹ̀ léèwọ̀; ìpolówó kì í kúkú ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ní rìsíìtì. Síbẹ̀, ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, àgàgà níbi tí olówó ìwé, olóòtú àti ẹni tí ń wá ìpolówó ti jẹ́ ènìyàn kan náà, tí òun àti káńsílọ̀ sì jọ ń jókòó ní ìpàdé lándílọ́ọ̀dù.

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni pé kí olóòtú bẹ́ẹ̀ kọ orúkọ ẹni tí ó sanwó sí abẹ́ ìkíni kọ̀ọ̀kan, kí ó sì yọ̀ǹda àyè tí ó tó bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó fìdí rẹmi nínú ìbò náà, kí ó wí tirẹ̀ lórí gọ́tà. Alága tí èyí bá bí nínú lè gbé owó rẹ̀ fún àwọn tí ń lẹ pósítà.