Keshi gba ife tán, ó ní òun ò ṣe mọ́

Ijó ni gbogbo Nàìjíríà ṣì ń jó lọ́jọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 2013, nígbà tí Stephen Keshi bọ́ sórí rédíò ní South Africa, ló bá ní òun ò ṣe kóòṣì Super Eagles mọ́. Ọjọ́ kejì tí wọ́n na Burkina Faso ní 1-0 gba ife ilẹ̀ Áfíríkà mà ni! Òun náà ni kápútẹ́nì nígbà tí wọ́n gbà á ní Tunisia lọ́dún 1994.

Àṣé inú ń bí "Big Boss". Wọ́n ní àwọn ọ̀gá bọ́ọ̀lù ti ń múra àtilé e kí wọ́n tó na Ivory Coast. Mínísítà eré ìdárayá ló pẹ̀tù sí i nínú.

Ẹ má bá a wí. Ejò ti bu ọkùnrin náà jẹ rí, ekòló ń bà á lẹ́rù. Lọ́dún 2005, ó ti Senegal sẹ́yìn, ó mú Togo kékeré lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Lóòótọ́, Togo fìdí rẹmi ní Íjíbítì lóṣù kìíní, ọdún 2006, wọ́n sì ní òun àti Adebayor tahùn síra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ máa gbéra lọ sí Jámánì, Otto Pfister, òyìnbó, ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Ta ló wa ọkọ̀ débẹ̀?

Nàìjíríà náà lé e nígbẹ̀yìn, lọ́dún 2015. Lóṣù kejìlá ọdún yẹn, Kate ìyàwó ẹ̀ kú. Lọ́jọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 2016, Keshi náà kú ní ìlú Benin, lẹ́ni ọdún 54.