Ẹ ka owó tó wọlé, ẹ má ka orúkọ olówó

 

Ẹgbẹ́ olùgbọ́ kan ní apá Kétu fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ọkùnrin kan wá bá àwọn àgbà abúlé wọn pé òun ń wá ilẹ̀ tí òun máa fi dá ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù sílẹ̀. Gọ́ọ̀fù ni eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré lórí koríko títí á fi bọ́ sínú ihò. Ọkùnrin náà ní àwọn olówó Kútọnu àti ti Èkó ló máa wọ ẹgbẹ́ ọ̀hún, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á san owó gọbọi, inú owó yẹn ni òun á sì ti san owó ilẹ̀. Wọ́n wá bi wá léèrè: "Ṣé ká gbà?"

Ilẹ̀ yín ni, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn. Ṣùgbọ́n n ó sọ èrò tèmi: ẹni tó bá ní òun á fi owó àwọn tí kò tíì wọ ẹgbẹ́ san owó ilẹ̀ yín, ọwọ́ yín ló ti fẹ́ yáwó.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan tó lókìkí gan-an ní Amẹ́ríkà. Augusta National lorúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Bobby Jones àti Clifford Roberts ló dá a sílẹ̀. Jones yìí kì í ṣe ẹni kékeré: ní 1930, ó gba ife ìdíje mẹ́rin tó ga jù nínú gọ́ọ̀fù nígbà náà, lọ́dún kan ṣoṣo. Wọ́n ra ilẹ̀ ní 1931. Àwọn olówó ni wọ́n fọkàn sí, 1,800 ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á san 350 dọ́là, á tún máa san 60 dọ́là lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é ní kíláàsì. Tí èèyàn 1,800 bá san 350 ẹnì kọ̀ọ̀kan, 630,000 dọ́là nìyẹn. Lórí ìwé, owó ti pé. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ láti 1929, àwọn olówó náà ń di àpò wọn mú. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe ìdíje àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1934, àwọn tó ti sanwó kò ju 76 lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń retí, kò pé márùn-ún tó wá.

Ta ló wá jìyà rẹ̀? Kì í ṣe olówó tí kò wá. Alister MacKenzie, ọ̀gá tó bá Jones ya àwòrán pápá náà, kọ lẹ́tà títí pé kí wọ́n san owó iṣẹ́ òun. Ó kú ní oṣù kìíní 1934, wọn ò sì tíì san án tán.

Lóòótọ́, ẹgbẹ́ náà padà di ńlá. Ìdíje tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n ń pè ní Masters, ló gbé orúkọ rẹ̀ ga. Lónìí, èèyàn lè lówó títí kó má rí i wọ̀, àfi tí wọ́n bá pè é. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ibi tí olówó bá ti rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lọ. Pápá tuntun ò ní wọn, ó ní láti dúró dè wọ́n. Bobby Jones tí ayé mọ̀ dúró. Ọkùnrin tó wá bá yín ńkọ́? Ta ló sì máa bọ́ yín títí wọ́n á fi dé?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ẹnì kan gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé wa, ó ní òun á kọ́ ilé àlejò. Ó san ìdajì, ó ní ìdajì tó kù di ìgbà tí àlejò bá ń wọlé. Ògiri lásán ló kọ́, àlejò kankan ò dé. Títí dòní, ìyá mi ń rìn kọjá ògiri yẹn kó tó dé oko ẹ̀gẹ́ tó ń yá dá.

Ẹlòmíì á ní: "Àwọn ọmọ wa á ríṣẹ́ níbẹ̀." Mo gbà. Pápá gọ́ọ̀fù ń fẹ́ ẹni tó ń gé koríko, ó ń fẹ́ ẹni tó ń gbé àpò ọ̀pá. Ṣùgbọ́n inú owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn náà ni owó oṣù wọn á ti jáde. Èèyàn 76 ò lè san owó tí wọ́n ṣírò fún 1,800.

Nítorí náà, tí ọkùnrin náà bá padà wá, ẹ fún un lága, ẹ fún un lómi, kí ẹ sì bi í léèrè. Èèyàn mélòó ló ti sanwó? Kì í ṣe mélòó ló ní òun ń bọ̀ o. Kó mú ìwé owó wá, kí ọmọ yín tó mọ ìwé kà á sókè. Hẹ́kítà mélòó ló fẹ́? Pápá tó ní ihò 18 máa ń gbà tó 50 hẹ́kítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oko ta ni wọ́n? Omi ńkọ́? Koríko gọ́ọ̀fù ò gbọdọ̀ gbẹ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ìyá wa ń tò sídìí pọ́ǹpù láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Oògùn tí wọ́n bá fọ́n sí koríko, odò wo ni òjò máa gbá a lọ?

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má tà á. Tí ẹ bá fẹ́ kó wá, ẹ fi ilẹ̀ yá a fún iye ọdún kan. Kó máa san owó ọdún kọ̀ọ̀kan kí ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ọmọ ẹgbẹ́ wá o, bóyá wọn ò wá. Tí kò bá san, kí ilẹ̀ padà sọ́wọ́ yín. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé, lójú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní abúlé àti ní méèrì. Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 2013 ló fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ìgbìmọ̀ yẹn, ẹ lò wọ́n. Kí àwọn obìnrin tó ń dá oko níbẹ̀ sì jókòó sí ìpàdé náà, kí wọ́n sọ tẹnu wọn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó kù, ẹ jíròrò èyí kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé: tí ó bá jẹ́ abúlé yín ló wá, ìbéèrè wo lẹ máa kọ́kọ́ bi í? Ẹ fi ìdáhùn yín ránṣẹ́, a ó kà á síta. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó dìgbà o.