Kíka Bíbélì Nínú Ilé Kì í Ṣe Iṣẹ́ Fáàdá

Kò sí ìgbàgbọ́ tí ó ń ṣe ìdílé àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà ní Ọmọ́lé, Ọ̀gbà, Agége àti gbogbo àyíká Ìkẹjà ní jàǹbá tó èyí tí ó ní Fáàdá ni ó ni Bíbélì kíkà, pé kí ọmọ ìjọ ṣá ti lọ sí Máàsì, kí ó ka Rosárì, ó bùṣe. Èso rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó hàn. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ yóò fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òkùnkùn ọjọ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá bo ayé, pé àbẹ́là tí Fáàdá bá súre sí nìkan ni yóò tàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òbí tí eruku ti bo Bíbélì rẹ̀ ti ń sá àbẹ́là kiri, ó sì ti kó ìpayà bá àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀, òkùnkùn ọjọ́ mẹ́ta tí Ìwé Mímọ́ ròyìn nínú Ẹ́kísódù orí 10 ti ṣẹlẹ̀ tán ní ilẹ̀ Íjíbítì, Jésù sì ti sọ nínú Mátíù orí 24 pé Baba nìkan ni ó mọ ọjọ́ àti wákàtí òpin ayé. Orí méjì péré ni ì bá pa irọ́ náà, ṣùgbọ́n ta ni ó kà wọ́n?

Lóòótọ́, èrò pé Fáàdá ni ó ni Bíbélì kíkà ní ibi tí ó ti ṣẹ̀. Èdè Látìnì ni wọ́n fi ń ṣe Máàsì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òfin tí Róòmù gbé jáde ní 1564, nígbà tí aáwọ̀ pẹ̀lú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì gbóná, sì ní kí ọmọ ìjọ gba àṣẹ kí ó tó ka Bíbélì ní èdè abínibí rẹ̀. Òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1898, Póòpù Leo Kẹtàlá ṣèlérí ìdáríjì ìyà, èyíinì ni mímú díẹ̀ kúrò nínú ìyà tí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti dárí rẹ̀ jì ṣì ń fà, fún ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú 15 ka Ìhìnrere lójúmọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1965, Àpérò Fatikáànù Kejì, tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbáyé ti péjọ, gbé ìwé Dei Verbum jáde, ó sì ní kí ọ̀nà Ìwé Mímọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo onígbàgbọ́. Ní 2019, Póòpù Francis ya ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Kí ni ó tún kù tí Róòmù yóò sọ?

Ìtàn tiwa náà fi hàn pé ìgbàgbọ́ kì í ṣe iṣẹ́ Fáàdá nìkan. Kí Fáàdá kankan tó fi Èkó ṣe ibùgbé ní 1868, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Anthony, tí kì í ṣe àlùfáà rárá, tí ó gba òmìnira kúrò lóko ẹrú ní Brazil, ni ó ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà. Onígbàgbọ́ ni míṣọ́nnárì kan, Fáàdá Borghero, bá nílẹ̀ nígbà tí ó wá bẹ Èkó wò ní 1863. Bákan náà, àwọn Mùsùlùmí Agége ń rán ọmọ kékeré lọ sí ilé kéwú, wọn kò sì sọ pé Lèmọ́mù nìkan ni ó ni Kùránì. Nínú Bíbélì fúnra rẹ̀, Lọ́ìsì ìyá àgbà àti Yùníìsì ìyá ni wọ́n fi ìgbàgbọ́ lé Tímótì lọ́wọ́, láti kékeré ni ó sì ti mọ Ìwé Mímọ́. Òbí kan náà tí ó ní òun kò lè kọ́ ọmọ ní Bíbélì ni ó ń san owó lẹ́sìnnì nítorí JAMB, tí ó sì ń jókòó ti ọmọ títí iṣẹ́ àmúrelé yóò fi parí. Kódà Rosárì tí wọ́n fi ń ṣe àwáwí, inú Lúùkù orí 1, láti ẹnu áńgẹ́lì Gábríẹ́lì àti Èlísábẹ́tì, ni ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà Mo Kí Ọ Màríà ti wá. Ìwé tí wọ́n kọ̀ láti ṣí ni wọ́n ń fi gbàdúrà.

Àwọn mìíràn ní kíkà inú Máàsì ti tó. Ọdún mẹ́ta ni ètò kíkà ọjọ́ Àìkú máa ń gbà: Mátíù ní ọdún kìíní, Máàkù ní èkejì, Lúùkù ní ẹ̀kẹta, Jòhánù sì ń wọ àárín wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú Májẹ̀mú Láéláé kì í jáde lọ́jọ́ Àìkú rárá. Ẹni tí ó bá fi mọ síbẹ̀ dà bí ẹni tí ó jẹun yó níbi àpèjẹ lọ́jọ́ Àìkú, tí ó wá ní kí wọ́n má dáná nílé mọ́ títí Àìkú mìíràn yóò fi pé.

Ní ti pé iṣẹ́ òru ní àwọn ilé-iṣẹ́ Oba Akran àti Acme, pẹ̀lú sunkẹrẹ-fàkẹrẹ Berger, kò fi àyè sílẹ̀, ìṣẹ́jú 15 kò tó ìdajì fíìmù kan. Ní ti irú Bíbélì tí ó yẹ kí a rà, kí ìdílé rí i pé ìwé 73 ni ó wà nínú rẹ̀, kí Tóbítì àti Júdítì má ṣe sọnù.

Ìjọ inú ilé ni Àpérò Fatikáànù pe ìdílé, òbí sì ni olùkọ́ ìgbàgbọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ. Nígbà tí Ọlọ́run ń pàṣẹ nínú Diutarónómì orí 6 pé kí a máa fi ọ̀rọ̀ òun kọ́ ọmọ ní ìjókòó, ní ìrìn, ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdìde, òbí ni ó ń bá wí. Kí bàbá ṣí Ìhìnrere lálẹ́ òní, kí ìyá kà á sókè, kí ọmọ béèrè ìbéèrè, kí èyí tí kò bá yé wọn di ohun tí wọn yóò gbé tọ Fáàdá lọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ilé sì pọ̀ ní Ọmọ́lé. Kí olúkúlùkù òbí ronú, kí ó sì ṣe ojúṣe rẹ̀, nítorí òun ni Ọlọ́run yóò béèrè ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.