Tíkẹ́ẹ̀tì Òkú

Ní ilẹ̀ Íńdíà, bí èrò bá ṣèèṣì já bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú irin tí ó sì kú, òfin ọdún 1989 ní kí Rélùwéè san owó gbà-má-bínú fún ẹbí rẹ̀, ì báà má jẹ̀bi. Láti ọdún 2017, 800,000 rúpìì ni. Ṣùgbọ́n wọn a bi opó pé, ‘Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ dà?’ Ǹjẹ́ bébà a máa yè níbi tí ènìyàn gbé kú? Ní ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé àìrí tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kò sọ ẹjọ́ di òfo. Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò tó: opó ni ó ṣì ní láti kọ́kọ́ búra. Rélùwéè ni ó ni ibùdókọ̀ àti àwọn tí ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Òun ni kí ó kọ́kọ́ rojọ́. Ọ̀ràn ọ̀fọ̀ ni ó gbé opó dé ilé-ẹjọ́, kì í ṣe ẹ̀sùn olè.